Màmá tún ṣubú ní ìdájí: kí la máa ṣe?

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá (alẹ́ Ọjọ́bọ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti gbóná. Màmá mi ti di ẹni ọdún 76. Láti ìgbà Àjíǹde, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣubú. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìnkùlé ni, ìdí ni wọ́n fi jókòó sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín, Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé. Ti ìdájí òní kì í ṣe ẹ̀rín rárá. Wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí àwọn lọ sí balùwẹ̀, ohun tí mo gbọ́ láti yàrá mi ni "gbìì!" Iwájú orí wọn là, wọ́n ní láti rán an ní họsípítù. Ọpẹ́ ni pé eegun kankan ò ṣẹ́.

Ilé ti wá pín sí mẹ́ta báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Èkó ní Màmá ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, kí a wá ọmọdébìnrin kan tí á máa ṣe gbogbo iṣẹ́, kí Màmá máa jókòó, kí wọ́n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò Màmá ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, torí Màmá fúnra wọn sọ pé, "Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tì mí." Èmi ni mo wà láàárín, èmi náà ni mo ń bá wọn gbé. Ẹni tó bá ti bá irú èyí pàdé, kí ló ṣe?

Ọmọ Àkúrẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ẹ ra máàtì oníróbà sí balùwẹ̀. Táìlì yẹn ni.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, àbúrò. Àmọ́ wọn ò tíì dé balùwẹ̀ kí wọ́n tó ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú àìsùn, Àǹtí Àbíkẹ́. Kí a tó sọ ti balùwẹ̀, ẹ dá mi lóhùn ná. Aago mélòó ni wọ́n ṣubú? Ṣé wọ́n dákú, àbí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n rántí? Oògùn wo ni wọ́n ń lò, títí kan èyí tí wọ́n rà fúnra wọn ní kẹ́míìsì? Ìgbà wo lálẹ́ ni wọ́n ń lò wọ́n? Ìṣubú àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìjókòó nígbà yẹn náà?

Ọ̀kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ìdáhùn o. Orí ni wọ́n fi gbá ilẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé orí ń fọ́ wọn tó ń le sí i, tí wọ́n ń bì, tí oorun tí kì í ṣe tiwọn ń kùn wọ́n, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ẹ gbé wọn padà sí họsípítù, ì báà jẹ́ òru. Bí wọ́n bá tún ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má dúró de àmì kankan, ẹ gbé wọn lọ rí dókítà lálẹ́ yìí.

Ìyá Àdúrà

Ọmọ mi, ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹni tó ní wọ́n ti òun. Ayé le. Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tó ṣubú báyìí, kò dìde mọ́. Ẹ gbàdúrà sí yàrá yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ṣeun, Màmá. Èmi náà ń gbàdúrà, kí n tó wọṣẹ́ àti bí mo bá jáde. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń tì wọ́n ni.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá (àárọ̀ Ẹtì)

Màmá sùn dáadáa, wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ. Ìdáhùn mi rèé. Nǹkan bí aago 4 ìdájí ni. Wọn ò dákú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rántí, wọ́n ní ojú àwọn ṣú fìrì ni, ilẹ̀ sì gbé àwọn. Oògùn: méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, nítorí ọ̀sán ni wọ́n ń jókòó sí ìsọ̀ wọn, wọn ò sì fẹ́ máa sáré lọ tọ̀ lójú àwọn oníbàárà. Mo wá tú àpò wọn wò lónìí, mo bá diazepam níbẹ̀! Kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ àdúgbò ni wọ́n ti ń rà á tí oorun ò bá wá. Èmi ò mọ̀ rárá. Piriton náà wà níbẹ̀, wọ́n ní ti ara yíyún ni.

Ti ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ń fọ ewé, wọ́n dìde lójijì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i, kì í ṣe pé mo ti di dókítà o.

Bí èèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Lára ọmọdé, ọkàn á yára lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì tún gòkè lọ bá ọpọlọ kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Lára àgbà, ìyẹn ti ń lọ́ra. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè tún mú un lọ́ra sí i. Èyí tó ń mú wọn tọ̀ ń gba omi ara, òun náà ló sì ń jí wọn ní aago 4. Diazepam tí wọ́n lò kí wọ́n tó sùn ṣì wà lára wọn ní wákàtí yẹn, ó sì wà lára àwọn oògùn tó ń mú ẹsẹ̀ àgbà rọ. Piriton náà ń kunni lóorun. Ẹ wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú òkùnkùn. Ojú á ṣú, òòyì á kọ́ni, á dà bíi pé ẹnì kan tini lóòótọ́. Màmá ò parọ́.

Ẹ kó gbogbo oògùn náà sínú láílọ́ọ̀nù kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà bó ṣe wà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ BP Màmá, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, wò nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú 3 tí wọ́n bá dìde dúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 wálẹ̀, ẹ ti rí ohun tó ń tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìjókòó nìkan, àfi kí ẹ bi wọ́n.

Ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o! Diazepam náà, bí ó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù, kì í ṣe pé kí ẹ jù ú nù lójijì.

Láti alẹ́ òní: ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa na ọrùn ẹsẹ̀ sókè-sódò títí wọ́n á fi ka oókan dé ọgbọ̀n, kí wọ́n tó dìde.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ń ka ìtàkùrọ̀sọ yín láti àárọ̀, inú ń bí mi díẹ̀. Ẹni ọdún 74 ni mí. Èmi ni arúgbó tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí Àbíkẹ́ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó pé, pẹ̀lú ìfẹ́ tó ní sí ìyá rẹ̀, ó fẹ́ bà á jẹ́ ni. Ní 2019, mo ṣi ẹsẹ̀ gbé létí gọ́tà, mo já sínú rẹ̀. Apá ló wú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ṣe ìpàdé lé mi lórí. Wọ́n ní Dádì ò gbọ́dọ̀ jáde mọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ wá bá mi, wọ́n gbé omi wẹ̀ wá bá mi, bí mo bá ní mo fẹ́ dìde, ẹni mẹ́ta á ti dìde ṣáájú mi. Oṣù mẹ́rin! Nígbà tó yá, mi ò lè dìde lórí àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìjẹ́ pé mo di ilẹ̀kùn mú. Itan mi ti di igi ìgbálẹ̀. Gọ́tà kọ́ ló sọ mí di aláìlágbára, àga ni.

Fisió kan, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ló gbà mí. Obìnrin kékeré báyìí, kò tó ọmọ mi àbígbẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan." Mi ò lè ṣe é. Ó gbé tìmùtìmù méjì sórí àga kó lè ga, mo dìde. Ọ̀sẹ̀ kejì ó yọ ọ̀kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u lọ́jọ́ náà. Ní òní, mo ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́, mo sì ń fi ẹsẹ̀ mi lọ ra ìwé ìròyìn.

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín níbi "àga ni" yẹn 😂

Adé Peckham

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Nígbà tí Mọ́mì mi ṣubú níbí ní London, mo rò pé ọ̀pá àti bọ́tìnì tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọrùn láti pe ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n máa fún wọn. Wọ́n fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ lágbára. Fisió ibẹ̀ sọ fún mi pé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Otago ni àwọn ń tẹ̀ lé, orílẹ̀-èdè New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ní Yunifásítì Otago. Eré ìdárayá inú ilé ni: ẹsẹ̀ gbígbé, ìdúró déédéé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìrìn. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí jíìmù.

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn kí n rí nọ́ńbà. Ní 2019, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí 108 jọ, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 23 àgbà tó wà nínú wọn, wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń dín iye ìṣubú kù ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìrìn lásán kò tó o. Èyí tó ń dán ìdúró èèyàn wò ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní nǹkan bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù.

Tàíwò Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n Adé, Peckham lẹ wà. Iná kì í lọ níbẹ̀. Níbí, iná á lọ ní aago 2 òru, wáyà jẹnẹrétọ̀ á gba àárín pálọ̀ kọjá bí ejò, bókẹ́ẹ̀tì omi á wà lẹ́nu ọ̀nà, kápẹ́ẹ̀tì á ti ká etí sókè, Màmá á wọ sílípáàsì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, ìró á máa wọ́ nílẹ̀. Kíláàsì kọ́ ló kàn, ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe!

Ohun tí mo ṣe fún Bàbá mi rèé. Mo ra àwọn iná kékeré tó ń gba agbára pamọ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan ní kọ́rídọ̀, ọ̀kan ní balùwẹ̀. Mo kó wáyà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ká rọ́ọ̀gì kékeré gbogbo kúrò nílẹ̀, Bàbá bínú torí ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni ọ̀kan. Mo pe wẹ́dà, ó fi páìpù irin ṣe ohun ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti síbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, ó fi nọ́ọ̀tì rì í mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù. Kẹ́ ẹ má lo irin tí wọ́n ń fi táwẹ̀lì kọ́ o, yóò já lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbára lé e. Àga oníke tó nípọn ni Bàbá fi ń wẹ̀ báyìí, kì í dúró wẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, mo fi ọ̀dà funfun kun etí rẹ̀ kí ojú lè rí i.

Adé Peckham

Ìbínú yẹn tó, Tàíwò 😅. Méjèèjì ni. Màmá Àbíkẹ́ ò kọsẹ̀ lára rọ́ọ̀gì, àmọ́ ẹ gbé rọ́ọ̀gì náà kúrò.

Fisió Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ ni Bàbá Olùkọ́ ti sọ. Mo kàn fẹ́ kí Àǹtí Àbíkẹ́ dán nǹkan méjì wò, kí ọgbẹ́ iwájú orí yẹn kọ́kọ́ jinná, kí dókítà sì ti rí Màmá.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé àga sílẹ̀, ẹ wọn mítà 3 níwájú rẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Kí Màmá dìde, kí wọ́n rìn dé àmì náà bí wọ́n ṣe máa ń rìn, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka àkókò. Bí ó bá gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣubú ṣì ń ṣọ́ wọn. Ìkejì, kí wọ́n dúró nídìí tábìlì tó wúwo tàbí ibi ìdáná, kí ẹ̀yin náà dúró lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kan síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gìgísẹ̀ ọ̀kan kan ọmọ ìka èkejì, bí ẹni ń rìn lórí okùn. Bí wọn ò bá lè dúró ní ti ìkẹta yìí fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àyẹ̀wò bá ti le, ibẹ̀ náà ni oògùn rẹ̀. Kí wọ́n máa dúró bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, tó bá yá ọwọ́ kan, tó bá yá ìka kan. Kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn létí tábìlì bí alákàn. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì bá kọ́ wọn, kí wọ́n jókòó.

Ọ̀pá: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mú un sí ọwọ́ tí kò yẹ. Bí eékún ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Kí orí ọ̀pá ṣe déédéé pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ nígbà tí wọ́n bá wọ bàtà, tí wọ́n dúró, tí apá wọn sì rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo róbà ìdí rẹ̀, bó bá ti jẹ tán, yíyọ̀ ló kù. Ẹ sì bá wọn wo àtẹ́lẹsẹ̀, pàápàá bí àtọ̀gbẹ bá wà. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ́ kò lè mú ara dúró.

Ọ̀kan tí a kì í sábà kọ́ wọn: bí wọ́n bá ṣubú tí kò sí ẹnì kankan nílé, kí wọ́n má ṣe sáré dìde. Kí wọ́n sinmi, kí wọ́n wò ó bóyá ibì kan ń ro wọ́n gidi. Bí ìgbáròkó bá ń dùn wọ́n tí ẹsẹ̀ kan sì ti yí síta, kí wọ́n má gbéra, kí wọ́n pariwo, ẹ má sì kọ́kọ́ gbé wọn lọ fún ẹnikẹ́ni tó máa fa ẹsẹ̀ náà. Bí kò bá sí èyí, kí wọ́n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ àti eékún rá dé ìdí àga, kí wọ́n fi ọwọ́ ti àga, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó lágbára sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ kọ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ara wọn le.

Àlùfáà Ọ̀fà

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tèmi kọ àga lójú ìrun. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó kí Ọlọ́run. Ìforíkanlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dìde tí wọ́n fi ń fì. Mo ka hadíìsì fún wọn, pé Ànábì sọ fún Imran ọmọ Husayn pé kó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, lórí ìjókòó, bí kò bá lè ṣe é, lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́. Wọ́n ní àwọn mọ hadíìsì náà kí wọ́n tó bí mi.

Fisió Ògbómọ̀ṣọ́

Àlùfáà, ẹ gbé àga tó lágbára sí iwájú wọn, kì í ṣe sẹ́yìn. Kí wọ́n fi ọwọ́ tì í nígbà tí wọ́n bá ń dìde. Ìdìde yẹn fúnra rẹ̀ dára fún itan wọn, ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ tì ni kò sí.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé Màmá àti láílọ́ọ̀nù oògùn lọ sí ibi ìtọ́jú àwọn àgbà ní UCH, họsípítù yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Dókítà ní kí wọ́n dùbúlẹ̀: 148 lórí 86. Wọ́n dìde: 118 lórí 74. Dókítà wò mí, mo wò ó. Ó gbé oògùn tó ń fa ìtọ̀ sí àárọ̀, ó dín ọ̀kan kù, ó sì ṣètò bí wọ́n á ṣe máa dín diazepam kù. Ó gba piriton kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó tún fi iná wo ojú wọn, dígí inú ẹyinjú ọ̀tún ti ṣú, ìyẹn cataract, a ti gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Màmá ní ó ti pẹ́ tí ojú náà ti ń ṣú, àwọn rò pé dídàgbà ni.

Ní ti ìrìn mítà 3, ìṣẹ́jú àáyá 19 ni ti ọ̀sẹ̀ kìíní. Lánàá ó jẹ́ 15.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Èkó lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọmọdébìnrin náà. Màmá gbà á, wọ́n ní kó lọ jókòó sí ìsọ̀, kó máa ta ọjà, kí àwọn lè ráyè dìde-jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohun tó máa sọ. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Olùkọ́ sí i létí, ó ní "àga ni, ṣé?" ó sì dákẹ́.

Àbúrò Màmá ṣì ń wá gbàdúrà láràárọ̀ Sátidé. Ó ti gbà kí a gbé póò sínú yàrá náà.

Màmá ní kí n bi Bàbá Olùkọ́: ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ń dìde lẹ́ẹ̀kan báyìí? Àwọn ti dé ẹ̀ẹ̀méjìlá.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni tèmi.

Irọ́ ni o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi di ọjọ́ Àìkú.